Lẹ́tà Tí Kọ̀ǹpútà Kò Fún Láyè: Ìtàn Àmì Tó Wà Lábẹ́ Orúkọ Wa

Láti Akaka Rẹ́mọ ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí kọ̀ǹpútà àti àwọn tó ń kọ kóòdù, ṣùgbọ́n ẹ má sá lọ. Kò sí ìṣirò kankan níbẹ̀ tó le ju kíka lẹ́tà lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú orúkọ kan tí gbogbo Rẹ́mọ mọ̀: Awólọ́wọ̀. Ẹ bá mi ka àwọn lẹ́tà rẹ̀: A, w, ó, l, ọ́, w, ọ̀. Méje ni. Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ yóò sọ fún yín pé méje ni. Bí ẹ bá ní kí kọ̀ǹpútà kà á, ó lè ní mẹ́sàn-án ni. Bí ẹ bá tẹ orúkọ kan náà lórí ẹ̀rọ mìíràn, ó lè ní méjìlá ni. Orúkọ kan, iye mẹ́ta.

Ìtàn bó ṣe di bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ohun kan ṣoṣo ni mo sì fẹ́ kí ẹ mú kúrò níbẹ̀: kì í ṣe ẹ̀rọ ló ti lẹ́tà wa síta. Àwọn ènìyàn ló jókòó sínú yàrá, tí wọ́n pinnu lẹ́tà tó máa wọlé àti èyí tó máa dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Kí ẹ̀rọ tó dé

Samuel Ajàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Ìṣòro tó dojú kọ òun àti àwọn míṣọ́nnárì CMS kò ṣòro láti lóye. Fáwẹ̀lì márùn-ún ló wà nínú lẹ́tà Látìnì: a, e, i, o, u. Méje ni tiwa, láìka àwọn tí a ń fi imú pè. Ibo ni wọ́n máa rí méjì tó kù? Wọ́n lè dá lẹ́tà tuntun sílẹ̀, wọ́n sì lè fi àmì sí ìdí èyí tó wà. Ìdí ni wọ́n padà fi í sí. Ní 1875, CMS pe ìpàdé lórí ọ̀nà ìkọ̀wé Yorùbá, ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí níbẹ̀ la sì fi tẹ Bíbélì àti ìwé iléèwé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbìmọ̀ mìíràn jókòó ní 1966, ìjọba sì fọwọ́ sí ìlànà tí a ń lò báyìí ní 1974.

Àwọn ará wa ní ilẹ̀ Benin gba ọ̀nà kejì. Ní 1975, orílẹ̀-èdè náà ṣe álífábẹ́ẹ̀tì kan fún gbogbo èdè rẹ̀, nínú èyí tí ɛ àti ɔ dúró fún ẹ àti ọ wa. Nítorí náà, ọmọ Kétu lè kọ ọ̀rọ̀ kan lọ́nà tó yàtọ̀ sí bí ọmọ Ìjẹ̀bú ṣe ń kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ohun tí mo ń fà yọ ni pé ènìyàn ló yan àmì ìsàlẹ̀ yìí. Kò já bọ́ láti ọ̀run.

Àmì yìí sì níṣẹ́ tó ń ṣe. Ọkọ ni ẹni tó gbéyàwó. Ọkọ̀ ni ohun tí a ń wọ̀ lọ sí Ṣàgámù. Ọkọ́ la fi ń kọ ebè. Ọ̀kọ̀ ni ohun ìjà. Oko ni ibi tí a gbin ẹ̀gẹ́ sí. Ẹ yọ gbogbo àmì wọn kúrò, “oko” kan ṣoṣo ló kù nílẹ̀. Ẹ̀kẹfà wà tí n kò ní dárúkọ lórí afẹ́fẹ́.

Bí ẹ bá rò pé àpẹẹrẹ inú ìwé nìyẹn, ẹ wo pátákó ojú ọ̀nà wa. Ẹ máa rí Shagamu lórí ọ̀kan, Sagamu lórí òmíràn. Ìkínní gbìyànjú kí àlejò lè pe orúkọ ìlú náà dáadáa. Ìkejì kàn yọ àmì ìdí Ṣ kúrò, ó ní kí àlejò máa pè é bó ṣe wù ú. Orúkọ ìlú náà gan-an, Ṣàgámù, kì í sábà sí lórí pátákó kankan.

Nígbà táípúraítà, àtúnṣe ṣì wà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ẹ̀rọ náà fún. Akọ̀wé á tẹ ìwé tán, á yọ bébà, á mú bírò, á máa fi àmì sí ìdí lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ẹ̀rọ kò lè ṣe, ọwọ́ ènìyàn á bá a ṣe é. Ẹ fi bírò yẹn sọ́kàn, nítorí òun gan-an ni kọ̀ǹpútà gbà lọ́wọ́ wa. Kò sẹ́ni tó lè fi bírò kọ nǹkan sínú fáìlì.

Àyè 128

Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà. Nọ́ńbà nìkan ló mọ̀. Kí lẹ́tà tó lè wọnú rẹ̀, àwọn ènìyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣàdéhùn pé nọ́ńbà báyìí ló dúró fún lẹ́tà báyìí. Ní 1963, ọdún tí Nàìjíríà di Rìpọ́búlíìkì, wọ́n tẹ àdéhùn kan jáde ní Amẹ́ríkà tí wọ́n pè ní ASCII. A ni 65, B ni 66, ó sì ń lọ bẹ́ẹ̀. Àyè 128 péré ló wà níbẹ̀. Lẹ́tà kékeré gan-an kò tíì wọlé lọ́dún yẹn, 1967 ni wọ́n tó fi kún un. Àwọn Faransé kò rí é wọn níbẹ̀, àwọn ará Jámánì kò rí ü.

Àwọn ará Yúróòpù kò dákẹ́. Ní 1987, ìlànà mìíràn jáde tó ń jẹ́ ISO 8859-1, àyè rẹ̀ sì tó ìlọ́po méjì ti ASCII. É, à, ñ àti ü wọlé. Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan níbí: á, à, é, è, ó àti ò tí à ń lò bá wọn wọlé, nítorí pé Faransé, Spéènì àti Ítálì nílò wọn. Ẹ, ọ àti ṣ kò wọlé. Ẹ̀ka mìíràn wà nínú ìlànà náà fún Gíríìkì, fún Lárúbáwá, fún Hébérù, fún èdè Thai. Kò sí ẹ̀ka kankan tó gba Yorùbá.

Àwọn tó ń tẹ ìwé Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà nígbà náà dá ọgbọ́n kan. Wọ́n ṣe fọ́ǹtì tí wọ́n ti yí inú rẹ̀ padà. Ẹ̀rọ á rò pé lẹ́tà Faransé kan lòun ń tẹ̀, fọ́ǹtì á ya ẹ sórí bébà. Bí ìwé bá jáde, ó dára lójú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé fáìlì yẹn lọ sórí kọ̀ǹpútà tí kò ní fọ́ǹtì náà, gbogbo rẹ̀ á di wúruwùru. Ó bá àwọn ará Japan náà dé ipò pé wọ́n ní orúkọ fún irú wúruwùru bẹ́ẹ̀: mojibake. Orúkọ yẹn ni àwọn tó ń kọ kóòdù ń pè é káàkiri ayé títí dòní.

Vietnam ṣílẹ̀kùn, a bá a wọlé

Ní 1991, wọ́n dá Unicode Consortium sílẹ̀ ní California. Èrò wọn tóbi: kí gbogbo lẹ́tà gbogbo èdè ayé ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú àkójọ kan ṣoṣo. Nígbà tó fi máa di 1993, ẹ ti ní nọ́ńbà, ọ ti ní, ṣ ti ní.

Ṣé ọmọ Yorùbá ló lọ bẹ̀bẹ̀ fún wọn ni? Ẹ wo ibi tí ẹ àti ọ wà nínú àkójọ náà: àárín àwọn lẹ́tà Vietnam ni. Àwọn ará Vietnam náà ń fi lẹ́tà Látìnì kọ èdè wọn, èdè olóhùn sì ni bíi tiwa. Wọ́n ní ohùn kan tí wọ́n ń pè ní nặng, àmì ìsàlẹ̀ ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́. Ohun tó jẹ́ fáwẹ̀lì fún wa, ohùn ló jẹ́ fún wọn. Ṣ ní tirẹ̀ jẹ́ lẹ́tà tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń kọ Sanskrit àti Lárúbáwá ní ọ̀nà Látìnì.

Ibí ni gbogbo wàhálà wa ti wá. Bí àmì ìsàlẹ̀ bá jẹ́ ohùn, fáwẹ̀lì kan kò lè ní í kó tún gbé àmì ohùn mìíràn sórí. Ta ló ń fi ohùn méjì pe fáwẹ̀lì kan? Nítorí náà, ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò sí nínú èdè Vietnam, wọn kò sì sí nínú àkójọ náà gẹ́gẹ́ bíi lẹ́tà kan ṣoṣo. Ế ti Vietnam ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹ́ wa kò ní. Ẹni tó bá àlejò wọlé, oúnjẹ tí wọ́n sè de àlejò ló máa bá níbẹ̀.

Ẹ má rò pé àwọn ará Vietnam kàn ṣoríire ni. Ẹgbẹ́ wọn kan wà tó ń jẹ́ Viet-Std, tó jókòó ṣe ìlànà fún lẹ́tà wọn lórí kọ̀ǹpútà. Ní 1993, ìlànà náà jáde nínú àwọn ìwé tí wọ́n fi ń darí íntánẹ́ẹ̀tì, RFC 1456 ni nọ́ńbà rẹ̀. Wọ́n wà nínú yàrá nígbà tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Ọ̀nà tí Unicode fún wa ni àkópọ̀. Ẹ á tẹ ẹ, ẹ á tẹ àmì ohùn tẹ̀ lé e, ẹ̀rọ á sì gbé ìkejì lé orí ìkínní. Ní òtítọ́, ọ̀nà tó mọ́gbọ́n dání ni, nítorí kò sí ẹni tó lè fún gbogbo àkópọ̀ inú gbogbo èdè ayé ní nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Láti 2001 ni wọ́n ti ti ilẹ̀kùn kejì yẹn pa: lẹ́tà tí a bá ti lè fi àkópọ̀ kọ kò ní gba nọ́ńbà tirẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí Awólọ́wọ̀ fi di mẹ́sàn-án: àmì ohùn méjì tó wà lórí ọ ń dá dúró. Bí ẹ̀rọ bá tún ya àmì ìsàlẹ̀ sọ́tọ̀, àti àmì orí ó, ó di méjìlá.

Owó orí tí kò lórúkọ

Ọdún 2001 yẹn kan náà ni fóònù GSM dé Nàìjíríà. Àtẹ̀jíṣẹ́ ní àkójọ lẹ́tà tirẹ̀, tí wọ́n ṣe ní Yúróòpù. À, è, é, ì, ò àti ù wà níbẹ̀. Á, ẹ, ọ àti ṣ kò sí. Bí gbogbo lẹ́tà inú àtẹ̀jíṣẹ́ yín bá wà nínú àkójọ yẹn, 160 lẹ́tà ló lè wọ ojú ewé kan. Bí ẹ bá fi ẹ kan ṣoṣo sí i, gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ náà á yí padà sí ìlànà mìíràn, ojú ewé kan á sì di àyè 70. Àmì ohùn tó dá dúró náà á gba àyè tirẹ̀ nínú 70 yẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ 150 lẹ́tà láìfi àmì sí i: ojú ewé kan, owó kan. Ẹ fi àmì kan ṣoṣo sí ìdí lẹ́tà kan níbẹ̀: ojú ewé mẹ́ta. Ẹni tó kọ Yorùbá bó ṣe yẹ ń san ìlọ́po mẹ́ta ohun tí ẹni tó kọ ọ́ lásán san. Nígbà tí àgbàlagbà bá ń bínú pé àwọn ọ̀dọ́ kò fi àmì sí Yorùbá mọ́, mo máa ń rántí pé èmi àti ẹgbẹ́ mi kọ́ bí a ṣe ń kọ̀wé lórí fóònù lásìkò tí gbogbo náírà lórí káàdì ìpè jẹ́ nǹkan tí à ń ṣọ́ ná.

“Rẹ́mọ” lọ́nà mẹ́jọ

Iṣẹ́ mi ni kí n gba ohùn sílẹ̀, kí n gé e, kí n sì rí i pé ohun tí a sọ di kíkọ sórí ìkànnì. Ó dójú ọ̀gbagadè fún wa nígbà kan: bí a bá wá “Rẹ́mọ” lórí ìkànnì wa, àwọn ètò kan á jáde, àwọn kan ò ní jáde, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ náà wà nínú gbogbo wọn gbangba-gbàǹgbà. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń bá wa kọ kóòdù wo ọ̀rọ̀ náà fínnífínní, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Àbúrò, ọ̀rọ̀ kan kọ́ nìyí. Ọ̀rọ̀ mẹ́jọ ni.”

Òótọ́ ló sọ. Ẹ lè kọ ẹ́ lọ́nà mẹ́rin: e, àmì ìsàlẹ̀, àmì ohùn, tàbí e, àmì ohùn, àmì ìsàlẹ̀, tàbí ẹ àti àmì ohùn, tàbí é àti àmì ìsàlẹ̀. Ọ lè jẹ́ ẹyọ kan tàbí àkópọ̀, ọ̀nà méjì nìyẹn. Mẹ́rin lọ́nà méjì, mẹ́jọ. Lójú ènìyàn, gbogbo wọn rí bákan náà. Kíbọ́ọ̀dù fóònù ń tẹ ọ̀kan, ti kọ̀ǹpútà ń tẹ òmíràn. Ẹ̀rọ tí wọn kò bá kìlọ̀ fún á kà wọ́n sí àjèjì sí ara wọn.

Ẹ sì wo bí oògùn rẹ̀ ṣe kéré tó: ìlà kóòdù kan. Unicode fúnra rẹ̀ ti ṣe ìlànà tó ń sọ gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ di ọ̀kan, NFC ni wọ́n ń pè é, ó sì wà nínú Python àti JavaScript lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀gbọ́n tẹ̀ ẹ́ sí ibi tó yẹ, gbogbo ètò wa jáde. Irú ìlà kan bẹ́ẹ̀ ni kò sí lórí ọ̀pọ̀ ìkànnì tí wọ́n ń tọ́jú orúkọ àwọn ọmọ Yorùbá pamọ́ sí.

Àwọn tó jókòó

Kì í ṣe pé a kò ní ẹni tó jókòó rárá. Ní Ìbàdàn, Ọ̀mọ̀wé Túndé Adégbọlá àti àjọ Alt-i ti ṣiṣẹ́ lórí kíbọ́ọ̀dù Yorùbá àti bí ẹ̀rọ ṣe lè gbọ́ ohùn èdè wa, kí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tó di àṣà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 2012, Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí gbogbo èèyàn fi Yorùbá kọ̀wé sórí Twitter, kí ilé iṣẹ́ náà lè rí i pé èdè náà wà láàyè. Ní 2015 ló dá YorubaName.com sílẹ̀, ibi tí a ti ń kó orúkọ wa jọ pẹ̀lú àmì àti ìtumọ̀ wọn, wọ́n sì ṣe kíbọ́ọ̀dù ọ̀fẹ́ síta. Ní oṣù kejìlá 2013, Google Translate gba Yorùbá wọlé. Ní 2018, Iroro Orife tẹ iṣẹ́ jáde lórí bí ẹ̀rọ ṣe lè dá àmì padà sórí Yorùbá tí wọ́n kọ láìní àmì. Lẹ́yìn wọn ni ẹgbẹ́ Masakhane dé, àwọn ọmọ Áfíríkà tó ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ fún èdè wọn.

Àwọn wọ̀nyí ṣe tiwọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá báyìí kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojoojúmọ́ ló sì ń ṣẹlẹ̀. Mo ń kọ fọ́ọ̀mù ilé iṣẹ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, mo sì tẹ orúkọ mi bí àwọn òbí mi ṣe sọ mí. Fọ́ọ̀mù náà dá a padà, ó ní orúkọ náà kì í ṣe orúkọ. Kì í ṣe òyìnbó ló kọ fọ́ọ̀mù yẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ nípa kóòdù mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀: ìlà kékeré kan tó sọ pé láti a dé z nìkan ló lè wà nínú orúkọ ènìyàn. Ẹnìkan ló dà á kọ láti ibòmíràn, ẹni yẹn náà sì ti dà á kọ láti ibòmíràn. ASCII ti 1963 ló ṣì ń ṣọ́nà níbẹ̀.

Ní 2010, Patrick McKenzie, ará Amẹ́ríkà tó ń kọ kóòdù ní Japan, to irọ́ tí àwọn tó ń kọ kóòdù gbà gbọ́ nípa orúkọ ènìyàn jọ. Ọ̀kan nínú wọn ni pé lẹ́tà ASCII ló wà nínú gbogbo orúkọ. Àwọn tó ń kọ kóòdù káàkiri ayé fẹ́ràn àpilẹ̀kọ yẹn, wọ́n sì máa ń pín in fún ara wọn. Tiwa yẹ kó dùn wá ju tiwọn lọ. Nílé Yorùbá, ọjọ́ kẹjọ la ń sọ ọmọ lórúkọ, gbogbo ẹbí á pé, àgbà á sì pe orúkọ náà síta pẹ̀lú ohùn rẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn ogún ọdún, ọmọ ẹlòmíràn tí wọ́n sọ lórúkọ bẹ́ẹ̀ náà á jókòó sí Yaba tàbí Ṣàgámù, á kọ ìlà kan tó sọ pé orúkọ yẹn kò sí.

Yàrá tí mò ń sọ láti àárọ̀ nìyẹn. Kì í ṣe California nìkan ló wà. Gbogbo ẹni tó ń kọ fọ́ọ̀mù, tó ń ṣe áàpù, tó ń yan fọ́ǹtì fún ìkànnì ìjọ, iléèwé tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti wà nínú yàrá náà, ìpinnu sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ kóòdù, kí ẹ tó gbé iṣẹ́ yín síta, ẹ tẹ Awólọ́wọ̀ sínú rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ó wọlé, bóyá ó jáde bó ṣe wọlé, bóyá ẹ lè wá a rí. Ẹ wo ibi tí Ẹ̀bùn àti Ọlá bọ́ sí nínú àkójọ orúkọ yín, nítorí ẹ̀rọ tí wọn kò bá kọ́ lẹ́tà Yorùbá á tò wọ́n sẹ́yìn z.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í kọ kóòdù, ẹ máa fi àmì sí i. Orí ìwé tí àwa ènìyàn kọ ni àwọn ẹ̀rọ tó ń dá àmì padà ti ń kọ́ iṣẹ́ wọn. Ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀, wọn kò lè kọ́ ọ.

Bí ẹ bá ń kọ̀wé sí wa lórí ètò yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ yín ní kíkún, pẹ̀lú ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀. A ó pè é dáadáa lórí afẹ́fẹ́.